Fóònù Inú Agolo

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ibi tí o ń gbé ti mọ́ ọ lára? Ọwọ́ yẹn ńkọ́? Ìbéèrè kẹta yìí ni kí o kọ́kọ́ dáhùn, kí o tó kan méjì àkọ́kọ́.

A rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. Ìyàwó rẹ ló kọ́kọ́ rí i lórí fóònù rẹ̀, ó gbé e wá bá mi ní ilé ìdáná. Mo lọ mú awò ojú mi. Mo rí bí awọ ṣe bó láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgúnpá. O sì kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé: "Òpó fóònù ló jó mi. Iná kọ́, ìgbì tó ń jáde lára rẹ̀ ni. Ojú kì í rí i, ara nìkan ló ń mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi dúpẹ́." Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, mo wá ibi jókòó sí.

Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé. Bí wọ́n bá sọ fún mi pé nǹkan kan wà tó ń jóni láìní iná, tí ọmọ tí mo fi inú mi bí sì fi apá ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí, ta ni mo tún fẹ́ lọ bi? Oyún ìyàwó rẹ ti lé ní oṣù márùn-ún. Méjì ti bọ́ mọ́ ọn lára kó tó kan èyí. Ohun tó lè bó awọ géńdé ọkùnrin, kí ni kò ní fi ọmọ tí kò tíì ní awọ tó gbó ṣe?

Nítorí náà mo ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bá mi jiyàn, ẹ̀rù ń ba òun náà. Mo fi tèmi kún un, mo fi aṣọ wé méjèèjì, mo kó wọn sínú agolo bisikíìtì onírin yẹn, mo dé e pa, mo gbé e sókè àjà. Láti òní lọ, lẹ́tà la ó máa kọ, bí a ti ń ṣe nígbà tí o wà ní ilé ẹ̀kọ́. Lẹ́tà kì í jóni. Má sì wulẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá Káfíńtà ọ̀rẹ́ rẹ pé kó wá fi tirẹ̀ pè ọ́ fún wa. Mo ti kìlọ̀ fún un pé fóònù kankan kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà mi. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ABD, títí di òní, bó bá rí mi, á fi ọwọ́ sẹ́yìn.

Gbogbo àdúgbò ló ń pè ọ́ ní Agùnpó látìgbà tí mo ti sọ fún wọn pé òpó fóònù lo ń gùn lókè òkun níbẹ̀. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, lọ bá ọ̀gá rẹ, kó fún ọ ní iṣẹ́ ilẹ̀.

Ìyàwó rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní àárò ohùn rẹ ń sọ òun.

Màmá rẹ ni.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú aya mi, Olúwa á jẹ́ kí ẹ jèrè rẹ̀. Ọwọ́ ti ń jinná. Ó kù díẹ̀ ní ìgúnpá, ṣùgbọ́n mo ti ń fi wọ aṣọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń pè tí ẹnikẹ́ni kò gbé e. Mo ti ronú dé ibi tí kò yẹ kí èèyàn ronú dé. Ìgbà tí mo rí ìwé yín, ara mi kọ́kọ́ balẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo kà á, ara mi kò balẹ̀ mọ́.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ìgbì tí fóònù fi ń sọ̀rọ̀, ọmọ ìyá ìgbì rédíò tí ẹ fi ń gbọ́ ìròyìn láàárọ̀ ni. Kò ní irú agbára tí ẹ̀rọ ayàwòrán egungun ní, èyí tó lè wọnú ara lọ dà á rú. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe kò ju kó mú ara lọ́ wọ́ọ́rọ́, ti fóònù sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ara kì í fi í mọ̀. Òdiwọ̀n wà tí àwọn tó ń ṣe fóònù kò gbọdọ̀ kọjá. Éríà, irin orí òpó tó ń fọ́n ìgbì ká, ni tirẹ̀ lágbára, ẹni tó bá sì dúró síwájú rẹ̀ gan-an ló ní láti ṣọ́ra. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ àwọn tó ń gùn ún láyà, tó máa ń ké bí èèyàn bá sún mọ́ ọn jù. Bí èèyàn bá ti sún sẹ́yìn, agbára rẹ̀ á ti já wálẹ̀.

Òpó ló jó mi, fóònù kọ́. Ẹ má pò ó pọ̀.

Bí ọkàn yín kò bá ṣì balẹ̀, kí ìyàwó mi fi okùn etí sọ̀rọ̀, tàbí kó tẹ ohùn síta kó gbé fóònù sórí tábìlì. Kó má gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí, kó má tì í bọ ẹ̀gbẹ́ ikùn. Ẹni tó bá ṣe ìyẹn ti ṣe jù bó ṣe yẹ lọ.

Ìdí mìíràn tún wà. Nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn fún ìyàwó mi ní nọ́ńbà, ó kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì oyún rẹ̀, pé bí orí bá ń fọ́ ọ, bí ojú rẹ̀ bá ń ṣe bàìbàì, kó pe òun lójú ẹsẹ̀. Kí ni yóò fi pè é? Lẹ́tà?

Ẹ bá mi gbé agolo yẹn sọ̀kalẹ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo dúpẹ́ fún ọwọ́. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì ti fi báírò pupa lọ sórí rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Inú ìwé tìrẹ náà ni màá ti mú ìdáhùn.

O ní wọ́n ń so ohun kan mọ́ yín láyà tó ń ké bí ẹ bá sún mọ́ éríà. Ajá tí kì í gé ni jẹ, ṣé wọ́n máa ń kọ "Ẹ ṣọ́ra" sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀? O ní òpó ló jó ọ, fóònù kọ́. Ta ni fóònù ń bá sọ̀rọ̀? Òpó. Ta ló ń dá òpó lóhùn? Fóònù. Àgùntàn tó bá bá ajá rìn, ìgbẹ́ ni yóò jẹ. O ní kó gbé e jìnnà sí ikùn. Bí kò bá lè ṣe nǹkan kan, kí ló dé tó fi ní láti jìnnà?

Mo mọ̀ pé o gbọ́n. Èmi ni mo fi ọ́ sí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n fọ́tò ọwọ́ rẹ wà níwájú mi, mo ní kí ọmọ tó ń tẹ̀wé ládùúgbò tẹ̀ ẹ́ jáde kí n tó kó fóònù sínú agolo. Mo fi sínú Bíbélì. Bí mo bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́, màá wò ó, ọwọ́ yẹn á sì máa bá ẹnu rẹ jà.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí a lọ sílé ìwòsàn kẹ́yìn, mo gbójú sókè. Òpó fóònù wà lẹ́yìn ògiri wọn gan-an, ó ga, ó pupa, ó funfun. Aboyún bí ogún jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fẹ́ ara wọn ní abẹ̀bẹ̀. Mo fa ìyàwó rẹ lọ́wọ́, a padà sílé kí wọ́n tó pe orúkọ wa. A kò tíì padà lọ láti ìgbà náà. Nílé ni mo ti ń tọ́jú rẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń sùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà oyún tìrẹ, bàtà bàbá rẹ ni mo wọ̀ parí rẹ̀.

Oyún méjì, ọmọ mi. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, èmi ni mo fọ aṣọ náà. Mi ò fẹ́ fọ ẹ̀kẹta.

Ó ní kí n kí ọ.

Màmá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta

Màmá,

Ẹ má bínú pé mi ò kí yín pẹ́. Mo ka lẹ́tà yín lórí ìdúró níbi iṣẹ́, ọ̀gá mi bi mí bóyá èèyàn mi kan kú.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹ kò sì mú un lọ sílé ìwòsàn. Màmá, ẹsẹ̀ wíwú lásán lè má jẹ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bóyá ó jẹ́ nǹkan? Wọ́n máa ń wọn ẹ̀jẹ̀ aboyún kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń ru. Kò sí bí ojú yín ṣe lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Òpó ẹ̀yìn ilé ìwòsàn kò lè ṣe ẹni tó jókòó nísàlẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan kan. Éríà kọjú síwájú lókè, ó ń tàn síwájú bí iná mọ́tò. Ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, fírí ló ń kàn án. Òótọ́ ni mo ń sọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pe Káfíńtà. Mo ní kó bá mi bẹ̀ yín. Ó ní òun dé ẹnu ọ̀nà, ẹ wo òun lẹ́ẹ̀kan, òun gbàgbé ohun tí òun wá sọ.

Màmá, èmi ni ọkọ rẹ̀. Mi ò bẹ̀ yín mọ́, mo ń sọ fún yín ni. Ẹ fún un ní fóònù rẹ̀. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé, kí ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹrin

Ọmọ mi ọkùnrin,

Ọjọ́ karùn-ún rèé tí lẹ́tà rẹ ti wà lórí tábìlì kí n tó mú báírò. Inú ló bí mi. O ní o kò bẹ̀ mí mọ́, o ń sọ fún mi ni. Ó dáa. Ọmọ tí mo pọ̀n di ọdún mẹ́ta nítorí àìsàn ló ti dàgbà tó ń pàṣẹ. Mo gbọ́.

Ìwọ ni ọkọ rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ ń bẹ lókè òkun, èmi ni mo wà nídìí ibùsùn. Èmi ni mò ń gbọ́ bó bá mí kanlẹ̀.

Ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá mọ́. Orí ń fọ́ ọ láti ọjọ́ mẹ́rin, kò sì lọ. Ojú rẹ̀ wú láàárọ̀. Lánàá, ó ní òun ń rí ohun bí ìràwọ̀ tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí níwájú òun ní ọ̀sán gangan. Mo ti mọ ibi tó ti ń wá. Ògiri yàrá rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà fara tì, gbogbo ọjọ́ ni ìyẹn fi ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo ti gbé ibùsùn rẹ̀ lọ sí yàrá tèmi. Mo ra páànù, mo fi kàn án mọ́ fèrèsé látòkè délẹ̀. Yàrá náà ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun lè fara dà á.

Ó bi mí bóyá ká lọ bá nọ́ọ̀sì. Mo ní ká jẹ́ kí páànù ṣiṣẹ́ ná.

Mi ò fẹ́ bá ọ jà. Jẹ́ kí n fún ọ ní ìdánwò oníbéèrè kan, bí o bá yege, màá tẹ̀ lé ọ. Wo ọwọ́ rẹ. Ṣé ohun tó ṣe ọwọ́ yẹn lè ṣe ẹni tó wà nínú ilé, àbí kò lè ṣe é? Bí o bá lè kọ ọ́ fún mi pé kò lè ṣe é, kí o fi orúkọ bàbá rẹ tó ti lọ búra lé e, màá gun àga lọ gbé agolo náà sọ̀kalẹ̀. Gbogbo lẹ́tà rẹ ni mo ti tún kà. Ibi tí o bá ti yẹ kí o sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́, gbólóhùn kan ṣoṣo ni, wàá sì ti sá lọ síbòmíràn. Mo ti máàkì ìwé ọmọdé pẹ́. Mo mọ ìgbà tí ọmọ bá ń fo ìbéèrè.

Màmá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Òpó kò jó mi. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ aṣọ ló jó mi.

Mi ò sí lórí òpó kankan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni mo lò lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Wọ́n fi ọjọ́ méje kọ́ wa nínú yàrá. Gbogbo ohun tí mo sọ fún yín nípa ìgbì àti éríà, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ní ká gun àkàbà. Mo dé ìdajì, mo wo ilẹ̀. Mi ò lè lọ sókè, mi ò lè sọ̀kalẹ̀. Mo di irin mú, mo pa ojú dé, mò ń pe orúkọ yín. Ọkùnrin méjì ló gùn wá bá mi, wọ́n fi okùn sọ mí kalẹ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì. Ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Láti ọdún tó kọjá, abẹ́ ilẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn ni à ń fọ̀. Tèmi ni kí n máa na aṣọ tó ṣì tutù, kí n máa tì í sáàárín irin méjì gbígbóná tó ń yí, kó jáde lódì kejì ní gígún régé. Ọjọ́ yẹn, mo ti ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò wá kún tèmi. Oorun gbé mi díẹ̀. Aṣọ wọlé, ọwọ́ mi bá a wọlé.

Nígbà tó di pé kí n sọ ohun tó ṣe ọwọ́ mi fún ìyàwó mi, kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ ti fún mi lórúkọ ládùúgbò. Ẹ sì rántí ohun tí ẹ máa ń sọ fún gbogbo kíláàsì, tí èmi náà wà níbẹ̀, lórí ìjókòó iwájú: "Ẹni tí kò bá kàwé, aṣọ aláṣọ ni yóò máa lọ̀ títí tí ọlọ́jọ́ á fi dé." Mo kàwé, Màmá. Aṣọ aláṣọ náà ni mò ń lọ̀. Mo wá mú irọ́ tó lọ́lá, mo kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò, mo tún ní kí ẹ bá mi dúpẹ́.

Èyí tó kù ló burú jù. Lẹ́ẹ̀mejèèjì tí mo pe Káfíńtà, ó bi mí nípa yín pé, "Kí ni kí n sọ fún Ọ̀gá tí wọ́n máa gbà?" Ìdáhùn wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì. Mo rò ó pé bó bá gbọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò á ti sọ Agùnpó di Alágbàfọ̀. Ojú tì mí sí ọ̀rẹ́ mi ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí nítorí ìyàwó mi lọ. Ohun tí mo ṣe nìyẹn.

Orí fífọ́ àti ojú tó ń rí ìràwọ̀, nọ́ọ̀sì ti dárúkọ méjèèjì, ó ní kí wọ́n má fi ṣeré. Kì í ṣe ìgbì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń ru, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀ àti ti ọmọ. Lẹ́tà yìí á lo ọjọ́ mọ́kànlá kó tó dé, kò sì lè dúró dè é. Ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́. Bí mo bá ti fi báírò sílẹ̀ báyìí, Káfíńtà ni mò ń pè. Màá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kí wọ́n pè mí ní ohun tó bá wù wọ́n.

Ẹ ní kí n fi orúkọ bàbá mi búra. Mo fi búra. Kò sí ohun tó wà nínú agolo yẹn tó lè ṣe ohun tó ṣe ọwọ́ mi.

Ọmọ yín, alágbàfọ̀.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé Káfíńtà ti sọ fún ọ lórí fóònù pé àwọn méjèèjì wà láàyè. Mo mọ̀ pé o ti ń pè mí, pé mi ò gbé e. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé fi ẹnu sọ. Bí mo bá fi ẹnu sọ ọ́, igbe ni yóò dà.

Lọ́jọ́ kejìlá, láàárọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ó ní ikùn òkè ń dun òun lábẹ́ egungun ìhà. Aṣọ tútù ni mò ń fi sí i lórí nígbà tí Káfíńtà wọlé tòun ti bàtà, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó jáde. Ó ní, "Ọ̀gá, bí ẹ bá fẹ́, ẹ nà mí, mi ò jáde." Mi ò gbọ́ kí ọmọ yẹn jiyàn rí láyé. Ó wá tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò mí: "Alágbàfọ̀ ni, Ọ̀gá. Kò sí òpó. Irin ìlọṣọ ló jó o."

Ìyàwó rẹ gbọ́ ọ láti orí ibùsùn. Ó na ọwọ́, ó ní, "Màmá, káàdì mi." Mo mú káàdì, mo gba fóònù, mo pe nọ́ńbà náà, mo gbé e sí etí ara mi. Nọ́ọ̀sì àgbà bi mí ní ìbéèrè mẹ́rin. Ṣé orí ń fọ́ ọ? Ṣé ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì? Ṣé ojú rẹ̀ wú? Ṣé ikùn òkè ń dùn ún? Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Láti ìgbà wo?" Mo sọ fún un. Ó ní ká má wá ọkọ̀ tó dáa, ohunkóhun tó bá ti ní táyà, ká gbé e sínú rẹ̀, kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀.

Ọkọ̀ tí Káfíńtà fi ń kó pákó ni. Mo jókòó sórí pákó, mo gbé orí rẹ̀ lé ẹsẹ̀. A dé ibẹ̀, wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo rí ojú ẹni tó wọ̀n ọ́n. Orí tábìlì yẹn ni gìrì ti mú un. Mi ò ní sọ bó ṣe rí fún ọ. Abẹ́rẹ́ ti wà nílẹ̀, dókítà ti wà nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, "Màmá, ká ní ilé ló wà..."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n gbé ọmọ jáde lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Obìnrin ni. Kò gùn ju bàtà mi lọ. Inú àpótí gíláàsì tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló wà, wọ́n ní ó ń mí dáadáa, ó sì ń sanra. Ìyá rẹ̀ ti ń jókòó. Ojú rẹ̀ ti là.

Lẹ́tà rẹ ti ọjọ́ kejìlá dé lánàá. Orí bẹ́ǹṣì àwọn aboyún yẹn ni mo ti kà á, lábẹ́ òpó.

Oṣù méjì ó lé ni mo fi dáàbò bo ìyàwó rẹ lọ́wọ́ ohun tí kò ṣe é ní nǹkan kan, èyí tó ń ṣe é jókòó tì wá nínú yàrá, mo sì kan páànù mọ́ fèrèsé kó má baà ríbi jáde. Irọ́ rẹ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Agídí mi ló bá a débi tó dé. Mi ò ní gba tìrẹ rù, mi ò sì ní gbé tèmi fún ọ. Ká ní o la ẹnu lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ pe Káfíńtà, oṣù kan gbáko ni à bá ti jèrè. Ká ní mo mú un lọ lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ wú, kì bá tí sí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi ní láti la ẹnu.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fún kíláàsì, òótọ́ ni, mo sọ ọ́. Á ti tó ẹgbẹ̀rún ọmọ tí mo sọ ọ́ fún. Láti àná ni mo ti ń ro ó, mélòó nínú wọn ló wà níbì kan báyìí tó ń purọ́ fún ìyá rẹ̀. Ó dùn mí, ọmọ mi. Ó dùn mí gan-an.

Fi òróró pa ọwọ́ yẹn.

Màmá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin

Ọkọ mi,

Inú àpò lẹ́tà Màmá ni mo ní kí wọ́n fi èyí sí. Mi ò tíì lè jókòó pẹ́, nítorí náà kò ní gùn.

Màmá kó gbogbo lẹ́tà tí ẹ̀yin méjèèjì kọ síra yín fún mi, tìrẹ àti àdàkọ tiwọn tí wọ́n máa ń ṣe kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Mo ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Èmi ni ẹ̀ ń jà lé lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, kò sì sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti bi mí pé kí ni mo rò. Ohun tí mo sọ nínú gbogbo rẹ̀ kò ju pé mo kí ọ lọ.

Mi ò ní dá Màmá nìkan lẹ́bi. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fún wọn ní fóònù. Fọ́tò rẹ ni mo gbà gbọ́. Ṣé o mọ ohun tí mò ń ṣe nínú yàrá ṣíṣókùnkùn yẹn, tí orí ń fọ́ mi bí ẹni tí wọ́n ń la igi mọ́? Mò ń bẹ ọmọ. Mò ń fọwọ́ pa ikùn, mò ń sọ fún un pé kó dárí jì mí nítorí gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo fi gbé fóònù sétí tí mo ń bá bàbá rẹ̀ ṣeré. Mo rò pé ohùn rẹ ló ń pa á. Mo gbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì. Ìyẹn ni mi ò tíì lè dárí rẹ̀ jì ọ́.

Aṣọ tí o ń lọ̀ kò dùn mí rárá. Òpó kọ́ ni mo fẹ́, ìwọ ni mo fẹ́.

Wọ́n ń jẹ́ kí n na ìka kan wọ inú àpótí ọmọ. Ó ń dì í mú. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa bá a sọ̀rọ̀, pé ó ń gbọ́. Mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ fún un nípa rẹ.

Káfíńtà ti lọ gbé agolo sọ̀kalẹ̀. Màmá ní kí n jẹ́ kí àwọn máa bá mi tọ́jú fóònù náà sórí tábìlì wọn. Mo ní rárá, tèmi ni, ọwọ́ mi ni yóò máa wà. Mo ti fi iná sí i, ó ti kún.

Bí o bá pè tí mi ò gbé e, má wulẹ̀ dààmú pé bóyá wọ́n tún ti gbà á, tàbí pé nǹkan kan ti ṣe mí. Inú ló ń bí mi. Kí o tún pè.